Bí A Ṣe Ń Wọ La Ceibita

Láyé àwọn ọmọ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ wọ àdúgbò wa lálẹ́ ní bó ṣe gbọ́dọ̀ wọlé. Bó bá ti dé ibi òpó kọnkéré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, á pa iná iwájú ọkọ̀, á yí gbogbo gíláàsì wálẹ̀, á tan iná inú kí ojú rẹ̀ lè hàn, á wá máa rọra yọ́ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí síárìn. Àwọn tó ń ṣọ́nà lórí òrùlé á wò ó. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á súfèé lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, tàbí tó bá gbàgbé iná, ìbọn ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sára ògiri, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n.

A kì í pe orúkọ tí rédíò ń pè wọ́n. "Àwọn ọmọ" la máa ń sọ, bíi pé àwa la bí wọn. Ká sì sọ tòótọ́, àwa náà la bí wọn.

Èmi Eduviges, tí gbogbo La Ceibita ń pè ní Niña Vigues, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí, mi ò ní ọkọ̀ rí láyé mi. Pupusa ni mo ń yan tà lẹ́nu ilé. Mà á po ìyẹ̀fun àgbàdo, mà á ki ẹ̀wà àti wàrà sí i nínú, mà á gbá a pẹlẹbẹ láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó di orí irin gbígbóná. Ẹnu ọ̀nà mi ló kọjú sí òpó kọnkéré yẹn gan-an, nítorí náà iye ìgbà tí mo ti rí iná ọkọ̀ tó kú níbẹ̀ ju iye ìgbà tí mo ti gba Ara Olúwa lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin, Edenilson, kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ nígbà tó ré odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ kọjá. Ẹgbẹ́ jàǹdùkú kejì, ọ̀tá àwọn ọmọ tiwa, ló ni òdìkejì odò. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bọ́ọ̀lù wọn ló fò lọ síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ mú un wá. Aṣọ ìbora tí kì í ṣe tèmi ni wọ́n fi wé e dá padà fún mi. Itẹ́ òkú náà sì wà lódìkejì yẹn, ìyẹn ni pé èmi ìyá rẹ̀ ò lè tẹ̀lé e débi tí wọ́n sin ín sí. Àlùfáà ló lọ, àti Don Fidelino ará ilé kejì, tó fi ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ gbé pósí náà kọjá. Fidelino yìí, bí alángbá bá já lulẹ̀ níwájú rẹ̀, á fẹsẹ̀ fẹ ẹ. Síbẹ̀ òun ló lọ lọ́jọ́ yẹn tí gbogbo ọkùnrin tó láyà ní àdúgbò wà nínú ilé.

Ọdún méjìlá gbáko ni mi ò fi fojú kan sàréè ọmọ mi. Gbogbo ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, tí àwọn èèyàn ń kun sàréè òkú wọn lọ́dà, tí wọ́n ń gbé òdòdó bébà lọ, èmi á jókòó sétí odò, mà á máa wo òkè lódìkejì.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìjọba tuntun, ẹ má sì bá mi jiyàn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ tán. Oṣù kẹta ọdún tó kọjá ni wọ́n dé, ọkọ̀ ṣọ́jà mẹ́rìnlá. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, òrùlé ti ṣófo. Mo gbé garawa ọ̀dà, mo fẹsẹ̀ ara mi ré odò kọjá ní ọ̀sán gangan, kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo lò ń lọ. Mo kun sàréè Edenilson ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Mo sunkún títí, nígbà tí mo sunkún tán, mo bó ọsàn kan jẹ níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi ẹ̀kọ ìyẹ̀fun lẹ àwòrán Ààrẹ mọ́ ògiri iwájú ilé mi. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kí n yọ ọ́, kó kọ́kọ́ jí ọmọ mi dìde.

Tránsito, ìyàwó Fidelino, jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kawọ́ gbera, ó ń wo ògiri mi. Òun ló gbé ọmọ mi obìnrin, Zulma, lọ síbi ìsàmì, ìyẹn la fi ń pe ara wa ní comadre láti ọjọ́ náà wá.

"Comadre, ọkọ tuntun yìí mà rẹwà o," ló wí. "Ṣé ó máa ń bá ọ pọnmi?"

"Ó sàn ju tìẹ tó ń hanrun bíi màlúù lọ."

"Màlúù tèmi ń gbé búrẹ́dì wálé. Kí ni tìẹ ń gbé wá?"

"Oorun," ni mo dá a lóhùn. "Oorun ló gbé wá fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. A ṣì lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ṣọ́jà mú onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọ̀kan lára àwọn ọmọ ni, wọ́n sì mú ọkọ ọmọ Niña Cándida. Wọ́n mú ọmọ kan tó yarọ lẹ́sẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ pé kò lè sáré, áḿbọ̀tórí kó gbé ìbọn. Bí Tránsito bá ti ń béèrè pé kí ni wọ́n ṣe, èmi á ní, "Wọn ò ní mú wọn lásán." Ó ti mọ́ mi lẹ́nu bí ẹ kú àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Bí wọ́n bá lè mú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, a jẹ́ pé ibi tí mo ti ń sùn láìti ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe ibi ààbò. Mi ò lè gba ìyẹn gbọ́. Oorun náà dùn mọ́ mi jù. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti mú gbọ́dọ̀ ti ṣe nǹkan, bí kò bá tilẹ̀ ṣe é lójú mi.

Oṣù kẹjọ ló kan Fidelino. Ojúmọmọ ni ọkùnrin yìí máa ń tibi búrẹ́dì dé, kò nílò iná ọkọ̀ rárá. Lọ́jọ́ yẹn, odò kún bo afárá, wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró, ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó dé. Òjò ń rọ̀. Mo jókòó nídìí irin mi, mo rí iná ọkọ̀ búrẹ́dì náà lójú ọ̀nà. Nígbà tó kan òpó kọnkéré, iná náà kú. Gíláàsì wálẹ̀, òjò ń fẹ́ sí i lára, iná inú tàn, mo rí ojú rẹ̀ roboto àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí síárìn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe òun. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi náà tí mo jókòó sí ilé mi, etí mi ń dúró de ìfé àwọn ọmọ.

Ariwo ṣọ́jà ni mo gbọ́. Ẹ̀yìn òkìtì àpò yanrìn ni wọ́n ń dúró sí níbi òpó náà, wọ́n fò jáde, wọ́n fà á bọ́ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Búrẹ́dì tó kù lẹ́yìn ọkọ̀ ń rin nínú òjò.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, Sájẹ́ńtì Argueta wá bá mi. Ẹ má rò pé ẹhànnà ni. Ọmọ etíkun ni, kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ìlú apẹja ló ti wá, níbi tí àwọn ọmọ yẹn ò dé rí. Ojoojúmọ́ ló ń wá jẹ pupusa mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Ó mọ ọ̀rọ̀ Edenilson. Bó bá ń kọjá níwájú àwòrán ara ògiri mi, á ṣí fìlà.

"Màmá," ló wí, ó rọra sọ ọ́, "ẹ̀yin lẹ kọjú sí ẹnu ọ̀nà yìí. Ọkùnrin yẹn paná ìta, ó tan ti inú. Àmì kí nìyẹn? Ta ló ń ṣe é fún?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́. Kò gùn: gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ikú là ń sá fún. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni rédíò ní ẹni tó bá ti pa òfin àwọn ọmọ yẹn mọ́ rí, ọ̀kan náà ni òun àti wọn. Mo ro "gbogbo wa" yẹn wò. Èmi náà wà nínú rẹ̀.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ọmọ mi. Èmi ò lọ́kọ̀."

"Ṣé àwọn ará àdúgbò máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mi ò rí i rí."

Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò àyà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kà á sí mi létí, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi, ó dá àpá funfun sójú ìwé.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ má fòyà, a ò tí ì ṣe tán. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Tránsito mú bébà kan wá. Ó ti gbẹ, aṣọ ń mì lára rẹ̀. Lọ́yà kan ló bá a kọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwa tá a fọwọ́ sí i jẹ́rìí pé pípa iná níbi òpó jẹ́ àṣà tí wọ́n fi ipá mú gbogbo àdúgbò ṣe, kì í ṣe àmì ẹgbẹ́ kankan. Ó ti wọ ilé mọ́kànlá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

"Bí ìwọ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé ọ," ló wí. "Ìwọ ni wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé o ń gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ yẹn. Ọ̀rọ̀ tìẹ nìkan ni àwọn ṣọ́jà máa gbọ́, comadre."

Mo ń yí pupusa lórí irin. Mi ò wo ojú rẹ̀.

"Wọn ò ní mú un lásán, Tránsito. Ó lè ti ṣe nǹkan tí ìwọ ò mọ̀."

Ó tún na bébà náà sí mi.

"Fidelino?" ló wí. "Fidelino tó gbé Edenilson ré odò?"

Mo ní mi ò lè fọwọ́ sí i. Mo ní kó fún mi láyè. Mo tún ń sọ òmíràn tí mi ò rántí mọ́, ṣé ẹ mọ bí ẹnu ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Ó ká bébà náà, ó fi í sábẹ́ ìgò ata mi.

"Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó," ló wí. Ó wọlé lọ. Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn.

Mi ò yọ bébà náà kúrò lábẹ́ ìgò, mi ò sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti bímọ á mọ ohun tó tún kù tí mo ń wá. Zulma, ọmọ mi kan tó kù, ti wà ní olú-ìlú láti oṣù tá a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Kò padà wálé rí. Lọ́dún náà mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá, ká jọ gbé òdòdó lọ fún Edenilson, pé ẹ̀rù ti tán ní La Ceibita. Ó ní kò burú. Ó ní òun ti ra ọkọ̀ kan, àlòkù ni, pé òun fúnra òun lòun máa wà á wá. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra wàrà tó dáa jù ní ọjà.

Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn ọ̀sán, fóònù mi dún. Sájẹ́ńtì jókòó síwájú mi, ó ń fi kábéèjì sórí pupusa rẹ̀.

"Màmá, mo ti ń bọ̀ o. Tó bá di aago mẹ́rin, mo ti dé."

"Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, ọmọ mi."

"Mo ra òdòdó, ó kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Màmá, ibi òpó yẹn ńkọ́? Bí ilẹ̀ bá ṣú bá mi, ṣé mo ṣì máa pa—"

Ojú Sájẹ́ńtì wà lára mi. Kì í ṣe pé ó fura. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí èèyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé mi ò rí i rí. Mo ti fọwọ́ sí i.

"Nígbà tó o bá dé, a ó sọ̀rọ̀," ni mo wí. "Máa bọ̀, ọmọ mi. Irin ti gbóná." Mo pa fóònù náà.

Mo rò pé mà á pè é padà bí Sájẹ́ńtì bá ti lọ. Nígbà tó lọ, mo pè é, kò wọlé. Ó ti bọ́ sáàárín àwọn òkè. Mo tún pè é nígbà méje. Mo ní kò séwu, aago mẹ́rin ṣì ni ojúmọmọ, iná wo ló fẹ́ pa? Aago mẹ́rin kọjá. Márùn-ún lù. Ní oṣù kọkànlá lọ́dọ̀ wa, òòrùn kì í pẹ́ wọ̀. Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, mo so ìborùn mọ́rí, mo ní mà á sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró dè é lójú títì, kó tó dé ibi òpó.

Mi ò tí ì rìn kọjá ilé mẹ́ta tí mo fi pàdé Sájẹ́ńtì.

"Níbo lẹ̀ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Màmá?"

"Ọmọ mi obìnrin ló ń bọ̀ láti olú-ìlú. Mo fẹ́ lọ pàdé ẹ̀."

"Ṣé kò mọ̀nà ilé ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ padà síbi iná yín, ọ̀nà ń yọ̀. Àwa la wà níbẹ̀, a ó kí i káàbọ̀ fún yín. Ẹ bá mi yan mẹ́ta."

Mo la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ iná yẹn fún un. Kò jáde. Mo sì rò ó pé, bí mo bá dúró lójú títì tí mo ń ju ọwọ́ sí ọkọ̀ nínú òkùnkùn, àmì nìyẹn náà. Mo padà. Mo jókòó. Mo ń yan pupusa, ẹ̀wà ń tú jáde létí, ọkùnrin náà sì ti wá jókòó síwájú mi, ó ń jẹ.

Aago mẹ́fà àbọ̀ ni mo rí iná ọkọ̀ náà, ó ń gun òkè bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi láti ibi tí mo wà bí aṣiwèrè: má paná, Zulma, ọmọ mi, má paná. Fidelino ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà nínú ọkọ̀ búrẹ́dì yẹn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ, kó tó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń dúró, ni bí wọ́n ṣe ń wọlé níbi òpó.

Iná náà kú.

Gíláàsì wálẹ̀. Iná inú tàn, mo sì rí ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méjìlá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí síárìn, òdòdó bébà pupa àti funfun kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń wo òrùlé. Ó ń dúró de ìfé.

Sájẹ́ńtì gbé pupusa sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde.

Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ń pariwo. "Sájẹ́ńtì! Ọmọ mi ni! Bí a ṣe ń wọlé nìyẹn! Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò, tipátipá ni, wọ́n á yìnbọn pa wá!" Àwọn ará àdúgbò ń ti fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọ́n ti fa Zulma bọ́ sílẹ̀. Ó ń pè mí. "Màmá, ẹ sọ fún wọn! Màmá, kí ni mo ṣe?"

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí. Tránsito ló jáde, láìwọ bàtà, ó kọjá lára mi láìwò mí, ó lọ dúró níwájú ìbọn.

"Ọmọ tí mo gbé síbi ìsàmì nìyí," ló wí. "Àṣà ni. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú ọkọ mi."

"Ìyàwó ẹni tí wọ́n mú ni yín, Màmá," ni Sájẹ́ńtì wí. "A ò lè gba ẹ̀rí yín." Ó wá kọjú sí mi. Ó fa ìwé kékeré yẹn yọ, ó ṣí i, ó sì dà bíi pé ó dun òun náà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. "Ẹ̀rí tiyín la gbà. Ìyá Edenilson ni yín. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò rí i rí."

Ó gbé e síwájú mi. Àpá ìyẹ̀fun ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni ìwádìí. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Mi ò mọ ibi tí ọmọ mi ń sùn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fa bébà Fidelino yọ lábẹ́ ìgò ata, mo fọwọ́ sí i, mo gbé e lọ fún Tránsito. Ó gbà á, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo gbé bébà ti Zulma wá, èyí tí lọ́yà kan náà bá mi kọ, ó fọwọ́ sí i, ó dá a padà fún mi. Mo ń gbé e ká ilé kiri. Níbi gbogbo, wọ́n á fún mi ní àga, wọ́n á fún mi ní kọfí, wọ́n á wo ilẹ̀. Niña Cándida, tí wọ́n mú ọkọ ọmọ tirẹ̀ gan-an, ló sọ ọ́ jáde.

"Niña Vigues," ló wí, "wọn ò ní mú un lásán."

Mi ò lè bínú sí i. Mo mọ bí oorun ṣe dùn tó.

Àwòrán yẹn ṣì wà lára ògiri mi. Òjò ti bó etí rẹ̀ kan, mo ti fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ padà. Láràárọ̀, nígbà tí àwọn ṣọ́jà bá ń pààrọ̀ ara wọn níbi òpó, mà á mú àkísà tútù, mà á jáde, mà á nù ún dáadáa, kí wọ́n lè rí mi.